Agbọ̀n Obì Tí Ojúọlá Dì

"Ìbàdàn ni kí ẹ máa wí!" Ọmọ́bọ̀wálé na ọwọ́ sókè, obì tó ń bó sì já bọ́ sílẹ̀. "Ẹ bá mi wá ìlú mìíràn tí èèyàn ti lè fi náírà kan jẹun yó, kó tún mú ṣẹ́ńjì délé. Ará Ìbàdàn mọ oúnjẹ, wọ́n tún mọ àwàdà."

"Wọ́n mọ èébú náà," ni Láídé fi dá a lóhùn. "Èkó nìlú! Kò sí ìyá arúgbó tó máa dá ẹ dúró lójú ọ̀nà l'Ékòó, kó máa bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́, níbo lò ń lọ, ṣé o ti kí bàbá ẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ojúọlá létí ṣinṣin. Ìparí ọdún 1984 ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó síwájú ilé ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìjọkù, ní Ṣàgámù, wọ́n ń bó obì. Ọmọ kíláàsì kan náà ni òun àti Ọmọ́bọ̀wálé. Láídé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Èkó láti ọdún méjì, ọdún Kérésì ló bá wá sílé. Ní ti Ojúọlá, kò tíì gbé ìlú mìíràn rí. Ṣàgámù sì ti sú u dé góńgó: ìkíni òwúrọ̀, ìkíni ọ̀sán, obì lówùúrọ̀, obì lálẹ́.

Ìyá Olóbì ni gbogbo Ìjọkù ń pe ìyá àgbà yìí. Ogójì ọdún ló ti fi ń ṣọ́ obì nínú agbọ̀n, kó má bàa bà jẹ́ kí ọjà rẹ̀ tó dé. Àwọn tí kò ní sùúrù a máa gbé tiwọn wá kó bá wọn ṣọ́ ọ. Àlíyù, ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Sábó nínú ìlú níbẹ̀, ló ń rà á lọ sókè Ọya, kì í sì í da agbọ̀n Ìyá sílẹ̀ yẹ̀ wò bó ti ń ṣe fún àwọn yòókù. Ẹni tó bá di agbọ̀n ni yóò ṣí ẹnu agbọ̀n náà níwájú Àlíyù, yóò mú obì kan fún un jẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, ìránṣẹ́ dé láti Ìpara pé àìsàn dá àbúrò Ìyá Olóbì dùbúlẹ̀. Ìyá pe Ojúọlá sídìí agbọ̀n ńlá mẹ́ta tó wà nínú yàrá.

"Ọmọ mi, owó ìdánwò WAEC rẹ ló wà níbí yìí. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọdún tuntun ni Àlíyù ń bọ̀, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni iléèwé yín yóò sì ti ìwé owó tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá san sí. Ojú ni obì ń fẹ́. Lọ́jọ́ méjì méjì, tú u, ṣà á, yọ èyí tí kòkòrò bá wọ̀, pààrọ̀ ewé rẹ̀, kí o tún un dì. Bí ooru bá mú un, ó tán."

"Mo gbọ́, mà," ni Ojúọlá wí.

Ìyá kò tíì dé Ìpara tán tí Láídé fi yọjú. "Ọ̀la ni mò ń padà. Tẹ̀ lé mi, kó o fojú ara ẹ rí Èkó. Ọjọ́ Àìkú, o ti dé."

"Obì ńkọ́?"

"Ṣé obì máa sá lọ ni?"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ojúọlá ro ọgbọ́n kan tó jọ ọ́ lójú. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ewé, ó rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, ó dà á bo agbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi okùn dì wọ́n pinpin. Lójú tirẹ̀, ìtọ́jú ọjọ́ mẹ́rin ló ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. Kò rántí pé obì ń làágùn, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn.

Kí a má purọ́, Èkó dùn mọ́ ọn. Ó rí afárá, ó rí òkun, ó rí ilé tó ga tí ọrùn ń dun ẹni tó bá wò ó. Ó rin òpópónà gígùn kan já láìkí ẹnì kankan, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Láídé ní kó dúró ṣọdún tuntun, ó dúró. Ilé Láídé tó ń fi Èkó yangàn kò ju yàrá kan lọ ní Mushin, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ìdílé mẹ́rìnlá sì ń lo ilé ìdáná kan. Lẹ́yìn ọdún, ibà gbé Ojúọlá dè. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ayálégbé yòókù ń ré e kọjá nígbà tí Láídé àti àwọn òbí rẹ̀ bá jáde. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni. Bó bá jẹ́ ní Ìjọkù, kó tó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àgbo mẹ́ta ìbá ti dé. Ó sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó padà délé. Ó tú agbọ̀n àkọ́kọ́, ooru fẹ́ sí i lójú bí ẹni ṣí ìkòkò. Obì ti dúdú, ó ti ń yọ̀, kòkòrò sì ń rìn lórí rẹ̀. Bákan náà ni èkejì àti ẹ̀kẹta. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sunkún. Ó ṣa díẹ̀ tó ṣì dára, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó sókè agbọ̀n, ó sì fi ewé tuntun bò ó.

Nígbà tí Ìyá dé lọ́jọ́ Àìkú, ó bi í, "Ṣé o tọ́jú rẹ̀?"

"Mo tọ́jú rẹ̀, mà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àlíyù dé. "Ìyá, ẹ kú ọdún o."

"A ó ṣe púpọ̀ rẹ̀, ọmọ mi. Ojúọlá, ṣí i fún un. Ọwọ́ tìrẹ ló dì í."

Ojúọlá tú okùn agbọ̀n àkọ́kọ́. Ó mú obì kan lókè, ó nà án sí Àlíyù. Àlíyù gé e jẹ, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni imú rẹ̀ gbọ́ òórùn. Ó ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n títí dé ìgúnpá, ó sì kó ìdọ̀tí dúdú jáde.

"Ìyá," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ló to dáadáa sórí èyí?"

Ìyá wo Ojúọlá. Ojúọlá wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni Ìyá Olóbì wí. "Okùn nìkan ni ọmọ yìí dì."

Àlíyù da ìdọ̀tí náà sílẹ̀. "Èmi tí mo ti gbé Kánò, tí mo gbé Agége, ibí nìkan ni mo ti ń ra obì láìda agbọ̀n sílẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ láìra nǹkan kan.

Ìyá kò nà án, kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dun Ojúọlá jù. Ọjọ́rú dé, iléèwé ti ìwé owó, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láàárín oṣù kan, àwọn obìnrin tí Ìyá ń bá ṣọ́ obì wá ń gbé agbọ̀n wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ojú Ìyá ti ń fọ́. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ojú, ìwà ni.

Lọ́jọ́ tí Ọmọ́bọ̀wálé àti àwọn yòókù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, Ojúọlá lọ sí Sábó láti jẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń rẹ́ ewé níbẹ̀ ní Àlíyù ti kó lọ sí Kánò láti oṣù tó kọjá, òun kò sì mọ ojúlé rẹ̀. Ojúọlá dúró sójú oòrùn. Òtítọ́ tó gbé wá kò rí ẹni gbà á.

Nígbà tó padà délé, Ìyá jókòó ti agbọ̀n òfìfo.

"Ìyá, mo lọ sọ fún un pé èmi ni. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ìlú tí kò ní adùn tirẹ̀, Èkó kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí. Ibi tí wọ́n ti fọkàn tán ẹni ni ìlú ẹni. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ sílẹ̀, tó tún fi irọ́ bò ó, ogójì ọdún ẹlòmíràn ló lè bà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí òtítọ́ bá sì pẹ́ lẹ́nu jù, ó lè dé nígbà tí kò sí ohun tó lè tún ṣe mọ́.