Àpáta Dorothée

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni Dorothée ru àpò láfún rẹ̀ padà dé láti Dásà. Ẹnikẹ́ni kò tú u wò. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó jókòó lé e lórí.

"Ìyá, wọ́n ní mo ń fín oògùn kòkòrò sí ẹ̀gẹ́ tí mo sá. Wọ́n ní ó ti pa ọmọ kan ní Kèrè."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Inú tẹlifóònù ló wà. Wọ́n fi àpáta mi hàn mí níbẹ̀."

Ní Akofodjoulè tiwa, orí àpáta la ti ń sá ẹ̀gẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ti Dorothée ni èyí tó là láàárín bí ẹni pé wọ́n fi àdá là á. Opó ni, àpáta yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Abọ́ kan já bọ́ nínú ilé. Elvire, ọmọ ọmọ mi, ló jù ú sílẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀. Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́jọ, mo mọ ojú ẹni tó jẹ̀bi.

"Elvire, ìwọ ni?"

"Ìyá àgbà, èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀! Wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni. Mo kàn fi fọ́tò kún un, torí àwọn ẹgbẹ́ mi ní láìsí fọ́tò, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́."

"O wá lọ ya àpáta ẹni tó ń bu láfún fún ọ jẹ?"

"Mo rò pé bákan náà ni gbogbo àpáta rí."

Bákan náà! Ọmọ tí a bí sẹ́sẹ̀ òkè, tó ń gba ibẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lójoojúmọ́! Inú mi gbóná bí ààrò. Mo ní kó sọ òtítọ́ sínú tẹlifóònù náà lójú mi. Ó sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Lọ́jọ́ kẹta, mo bi í:

"Ẹni mélòó ló gbọ́ irọ́ yẹn?"

"Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún."

"Òtítọ́ ńkọ́?"

"Mọ́kànlá."

Juvénal, olórí abúlé wa, dé. "Dorothée, òfin wà o. Ẹni tó bá fi tẹlifóònù tan irọ́ kálẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Jẹ́ ká lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní kọmisáríà."

Elvire wólẹ̀. Dorothée wò ó títí.

"Tí wọ́n bá tì í mọ́lé, ṣé àwọn oníbàárà mi á padà?"

Juvénal tún nawọ́ sí ọ̀nà kọmisáríà.

"Òfin yín mọ ọ̀nà ẹ̀wọ̀n, kò mọ ọ̀nà tí orúkọ mi máa gbà padà wálé."

Èmi ni mo dá ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Elvire dáná síwájú àpò Dorothée, ó ro láfún, ó ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé, ó ń kígbe pé, "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn!" Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Elvire, o ò tíì kú?"

"Ẹ wá jẹ, ká jọ kú!"

Ọjà mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jà kẹrin, Mùbárákà tó ń ta ọṣẹ ra agolo láfún kan. Agolo kan péré!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ń wí. Èyí ò fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ kò bá fojú rí, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́; ẹ ò ní lè pè é padà.

Lánàá, Dorothée tú àpò tó kù. Kòkòrò ti bò ó, wọ́n ń rìn fàlàlà nínú ẹ̀. Oògùn wo ló wá wà níbẹ̀?