Orí Tí Wọ́n Dá Padà

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ojú sì rí i, ẹni tójú rẹ̀ rí i kì í sì í mutí. Káfíńtà ni. Wọ̀n-Ọ́n-Kó-O-Tó-Gé-E ni àwọn aládùúgbò ń pè é, nítorí kò sí pákó tó lè fi ayùn kàn láìjẹ́ pé ó ti wọ̀n ọ́n, kó sì tún un wọ̀n. Pósí ló ń kàn jù. Kò sì gba ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́. Yóò mú okùn rẹ̀, yóò lọ bá òkú nílé, yóò wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, yóò ta kókó síbi tí ìwọ̀n bá parí sí. Ó ní òkú kì í padà wá sọ pé pósí fún òun, nítorí náà alààyè ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba sọ̀ kalẹ̀. Ó gbá àpótí dúdú kékeré kan mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ṣé màmá wà nílé?"

"Wọ́n wà ńlé. Ara wọn ni ò le."

"Bàbá wọn àgbà ni mo gbé wá."

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀.

Bàbá àgbà yìí ni bàbá tó bí bàbá ìyá káfíńtà. Nígbà ayé rẹ̀ ni òyìnbó kan kọ́kọ́ gba agbègbè náà kọjá. Ó ní òun ń wá odò kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí. Àwọn obìnrin ló bá létí odò yẹn tí wọ́n ń pọnmi, àwọn ló bu omi fún un mu, ó sì padà sílé lọ ròyìn pé òun ti rí i. Ẹ̀rín ni àwọn obìnrin náà fi í rín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi di ẹkún. Àwọn ológun gba ọ̀nà tó júwe fún wọn, wọ́n dé, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin jáde wá máa la títì láìgba kọ́bọ̀. Bàbá náà ní òun ò lọ. Wọ́n yìnbọn pa á lójú ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó ń fi irin wọn orí ènìyàn, kó lè mọ irú ẹni tó gbọ́n àti irú ẹni tó gọ̀. A ò ní í sọ irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ó gé orí bàbá náà, ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Ara nìkan ni ọmọ rí sin sẹ́yìn ilé.

Ọmọ yẹn dàgbà, ó darúgbó. Kó tó kú, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀, ìyẹn ìyá káfíńtà. Ó ní, "Bí orí bàbá mi bá padà, kí o sin ín mọ́ ọn lára." Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba láti béèrè orí náà. Bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, tí àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Òun ò ní í kú kí òun tó sin orí bàbá òun àgbà.

Wọ́n ṣí àpótí náà lórí tábìlì yàrá rẹ̀. Agbárí kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Wọ́n fi tàdáwà dúdú kọ nọ́ńbà sí i níwájú orí. Màmá tẹjú mọ́ eyín rẹ̀. Èjí kò tán nínú ìdílé wọn. Bàbá rẹ̀ ní in, òun náà ní in, káfíńtà ní in. Eyín agbárí yìí há pọ̀ mọ́ra.

"Eyín yìí ò jọ tiwa," ni màmá wí.

Obìnrin náà wolẹ̀. "Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, mà. Wọ́n tò wọ́n sórí pẹpẹ bí ìkòkò. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ní kí n gbé."

Nígbà tó lọ tán, màmá fa agbárí náà mọ́ra. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni yòówù kó jẹ́," ni màmá wí, "a kì í fi tàdáwà sójú ènìyàn sin ín. Bu omi wá."

Ó fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà náà ṣí kúrò. Bó ṣe ń ṣí kúrò, ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú yàrá, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Káfíńtà rò pé ìyá òun ni. Ìyá rẹ̀ bojú wò ó, ó rò pé ọmọ òun ni. Káfíńtà wọn agbárí náà, ó ta kókó sí okùn, ó lọ kan pósí kékeré kan tó bá a mu.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, pósí náà fún un.

Ó bú ara rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Okùn ò dúró síbi kókó àná, ó kọjá a. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo iwájú orí. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, tàdáwà rẹ̀ dúdú kirikiri, kì í sì í ṣe ti àná.

"Màámi, ṣé ẹ wẹ̀ wọ́n lóòótọ́?"

"Ṣé o ò sí níbẹ̀ ni?"

Eyín ọ̀tún agbárí náà ti kán. Ti àná ò kán. Ẹlòmíràn ni; ẹni àná ti lọ.

Màmá wẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ẹlòmíràn dé, orí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi ti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé. Okùn káfíńtà kún fún kókó. Kò jẹ́ lọ sí yàrá náà láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan orí ọmọdé ni wọ́n bá, eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Nọ́ńbà gba gbogbo iwájú orí rẹ̀ tán. Màmá ò tètè wẹ ìyẹn. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ó ń sunkún.

Ọjọ́ tí bàbá àgbà dé, òjò ń rọ̀. Káfíńtà gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pè é ní ohùn tí kò gbọ́ rí. Èjí wà láàárín eyín iwájú. Màmá fọwọ́ kàn án, ó fọwọ́ kan tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," ló wí.

Káfíńtà sáré lọ mú òòlù àti ìṣó. Ó gbé pósí náà, tó ti mú gbòòrò sí i, wọlé. Inú rẹ̀ dùn.

"Màámi, ẹ gbé wọn sínú pósí ká kàn án pa. Tó bá dọ̀la, a ò mẹni tá a máa bá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní kú láìsin wọ́n."

"Èmi ni."

Kò gbé bàbá kúrò lórí tábìlì. Òjò ń lu páànù.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" ló bi í.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Tó o bá kàn án pa, ibo ni wọ́n máa gbà wọlé?"

"Wọ́n nílé tiwọn, Màámi."

"Ta ló mọ̀ ọ́n? Wọ́n ti fi nọ́ńbà pa orúkọ wọn rẹ́."

Káfíńtà gbé òòlù àti ìṣó lé tábìlì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu kan iwájú orí bàbá rẹ̀ àgbà.

"Ẹ má bínú sí mi, bàbá," ló wí. "Àwọn èèyàn ṣì wà níta, òjò sì ń pa wọ́n."

Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó gbé kàn-ìn-kàn-ìn, ó wẹ̀ ẹ́. Káfíńtà kọjú sí ògiri. Kò fẹ́ gbọ́ èémí ìyẹn, ó sì gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà bàbá ò tíì padà wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò wá. Pósí ṣì wà ní ṣíṣí. Màmá ò kú, kò sì gbádùn, títí di òwúrọ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè fún kàn-ìn-kàn-ìn mọ́. Ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó wo ọmọ rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Òòlù wà lórí tábìlì. Ìṣó wà níbẹ̀.

Káfíńtà fi òòlù sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ bu omi wá.

"Ta ló dé lónìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó tẹ̀ba wò ó dáadáa. "Mi ò mọ̀ wọ́n, Màámi."

"Ṣó o ti kí wọn?"

Kò tíì kí wọn. Ó gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.