Ọmọ Àná Kò Jáde

"Èmi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lé mi kúrò nínú ẹbí ni?" Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ yọjú wo kọ̀ǹpútà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Kíákíá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, kò rẹ́rìn-ín. Àìnísùúrù ló sọ ọmọbìnrin náà lórúkọ yẹn. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó yẹ kó ka orúkọ gbogbo ẹbí jáde: kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, kó mú àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa tún ara rẹ̀ pè láti ka ọmọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ka màmá rẹ̀, ó ka òun àti àbúrò rẹ̀, ló bá dákẹ́. Kò dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, àbúrò màmá rẹ̀, rárá. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni ìpàtẹ ilé ìwé, tí wọ́n ti máa yan olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, ipò tó wù ú dọ́kàn.

"Ṣebí kó o kàn fọwọ́ tẹ orúkọ wọn sísàlẹ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Kíákíá tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ já wọ ibi ìpàtẹ tayọ̀tayọ̀. "Ìyàwó mi bímọ lánàá! Fi ọmọ náà kún un, kí gbogbo ayé rí i!"

Tíṣà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kíákíá fi "Ọmọ Àná" sábẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń gbàdúrà sínú. Ọmọ Àná kò jáde. Kíákíá yíjú sí Tíṣà.

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ ni mo fi tẹ Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ síbẹ̀. Ètò yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn."

"O ṣeun tó o sọ òótọ́," ni Tíṣà wí. "Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni màá fi ṣe olórí."

Nígbà tí Kíákíá délé, Màmá Àgbà ṣí ìwé ìtàn wọn níbi tí àmì tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n kà á dé wà. "Àbí ìwé yìí ti tán ni? Àárín ni mo kà á dé!"

"Èmi náà ń kà á, Màmá," ni àbúrò Kíákíá wí. "Mo kà á tán, mo wá fi àmì yín sẹ́yìn ìwé."

Kíákíá fò sókè. Òǹkà kan ṣoṣo ni ètò náà fi ń rántí ibi tó kà dé! Ó ti rò pé gbogbo ìgbà tí ètò bá pe ara rẹ̀ ló máa ní òǹkà tuntun. Àṣé òǹkà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Bí ètò bá ti ka àwọn ọmọ màmá rẹ̀ tán, á rò pé ti Màmá Àgbà náà ti tán. Ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ìpè kọ̀ọ̀kan lè ní òǹkà tirẹ̀, ó sì pa orúkọ tó fọwọ́ tẹ̀ rẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ Àná tẹ̀ lé wọn. Ariwo ayọ̀ sọ nínú ilé, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ sì gé aṣọ pẹ́ńpẹ́ fún àbúrò Kíákíá, kó ní àmì tirẹ̀.

Inú Kíákíá dùn, àmọ́ ipò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ó ti wá yé e pé ká ní kò bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀ ni, tó mú un lọ bá Tíṣà bó ṣe rí, wọn ì bá jọ tún un ṣe.