Ẹ Má Tẹ Ẹsẹ̀ Bámidélé!

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní Otokiti, ẹsẹ̀ òsì Bámidélé wú. Kì í ṣe wíwú kékeré! Bí wọ́n bá gbé e sétí odò Ọya, àwọn ọlọ́kọ̀ á so ọkọ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tó ti fi ọkọ̀ èrò ti Èkó dé, tó jókòó bí ère láìsọ̀kalẹ̀ nasẹ̀, ni ẹsẹ̀ náà ti ń ro ó.

Zipporah, ìyàwó rẹ̀, gbé omi gbígbóná, aṣọ ìnura àti òrí dé.

"Bàbá Sharon, ẹ na ẹsẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa lónìí."

"Èyí tí o tẹ̀ lánàá ńkọ́? Ṣé o fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi gúnyán ni?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Bámidélé ké débi pé òkè Pátì yẹ̀ díẹ̀. Igbe yẹn ló mú Màrdíyà, nọ́ọ̀sì tó ń gbé nílé kejì, sáré wọlé, tó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà.

"Mọ́mì Sharon, ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, ó gbóná, ó ń ro wọ́n. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lè já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró!"

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Obed ń dán ẹ̀rọ tuntun kan wò. Bámidélé rí i, ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé.

"Ọ̀kún o, dókítà," ó kí i bí wọ́n ti ń kíra nílé wọn. "Ṣé ẹ ò ní là mí bí ẹja?"

"Rárá, sà. Ìmọ́lẹ̀ la máa tàn sí ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ á gbà á, á móoru díẹ̀ tí ẹ ò ní mọ̀, á sì mú ìró jáde. Ẹ̀rọ á gbọ́ ìró náà, á fi ya àwòrán òpó ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ń pariwo?"

"Ó jọ yín ni," Zipporah fèsì.

Àwòrán yọ! Bámidélé lọgun pé òun rí odò Ọya àti Bẹ́núè nínú ẹsẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n níbì kan, odò dá. Dókítà tún fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún wò ó: ẹ̀jẹ̀ ti dì lóòótọ́.

Kí Bámidélé tó dìde, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ègé ẹ̀jẹ̀ dídì kan ti rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Zipporah wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tó fi tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fún un ní atẹ́gùn àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó yè! Ṣùgbọ́n oògùn olóṣù púpọ̀ ló kù níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn sì ṣì ń wú tó bá dúró pẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò jìnnà, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ nasẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bí ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ti aboyún wà níbẹ̀. Omi gbígbóná yẹn, ẹ fi tẹ ẹ̀bà.