Ìṣẹ́po Tí A Gé Wọ́

Orí àkàbà ni káfíńtà kan wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ìṣó méjì há sí i lẹ́nu, nígbà tí ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Abẹfẹ́lẹ́, wọlé. Abẹfẹ́lẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Kí wọ́n tó kíra tán, ojú káfíńtà yí, ìṣó tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì já lulẹ̀ gbì, ó ń gbọ̀n.

Ẹ̀rù ba Abẹfẹ́lẹ́, àmọ́ kò sá. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i lábẹ́ orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ba nǹkan jẹ́?" ni káfíńtà bi í nígbà tó jí.

"Pákó kan péré. Ẹ óò gbé òmíràn wá lọ́la, kí n lè tún rí yín."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe wọ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, bàbá Abẹfẹ́lẹ́ ní kò ṣeé gbọ́ sétí. "Ẹni tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀? Ta ló mọ ọjọ́ tó máa ṣubú sórí ayùn?"

Wọ́n ya fọ́tò ọpọlọ káfíńtà. Iṣẹ́ Abẹfẹ́lẹ́ ni láti gé ẹran ara tí wọ́n bá bù fún àyẹ̀wò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó mọ ọpọlọ dunjú: ìṣẹ́po ló kún ojú ọpọlọ, àwọn hóró kéékèèké tó para pọ̀ di ọpọlọ sì tò ní ìpele ìpele lábẹ́ wọn. Bí ìṣẹ́po kan bá ṣe ségesège, ó lè jẹ́ pé àwọn hóró abẹ́ rẹ̀ ló ṣìnà. Ìṣẹ́po kan jìn jù nínú ọpọlọ káfíńtà, nítòsí ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ bu díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí àwọn hóró náà bá dàrú, wọ́n á gé ibẹ̀ kúrò, ó sì lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

"Bí mi ò bá lè pè ọ́ mọ́ ńkọ́?" ni káfíńtà bi Abẹfẹ́lẹ́.

"Ara á tù mí. Ariwo ẹ ti pọ̀ jù." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú.

Ó yẹ kí Abẹfẹ́lẹ́ gbé gígé ohun tí wọ́n bù náà fún ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ò jẹ́. Ó gé e, ó pa á láró kí àwọn hóró lè hàn, ó wò ó nínú maikirosikópù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn hóró fọ́n káàkiri bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Ọ̀gá wọn, ìyá àgbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, wo inú awò náà títí. "Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọwọ́ ẹ gbọ̀n, o gé e wọ́. Tí a bá gé ìṣẹ́po wọ́, ìpele ẹ̀ á dàrú lójú ẹni, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó ṣe é. Dìde níbẹ̀, àbí ẹkún lo tún fẹ́ fi gé e?"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gé òmíràn lára rẹ̀ tààrà. Àwọn hóró tò dáadáa, ìpele lé ìpele. Wọn ò ní fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ káfíńtà wà. Abẹfẹ́lẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀rù mìíràn gbé e: bí kì í bá ṣe ibẹ̀, ibo wá ni wárápá náà ti ń wá? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òògùn nìkan ló kù, òògùn náà ò sì dájú.

Káfíńtà gbọ́ ọ. "Òótọ́ ni bàbá ẹ sọ. Mo lè ṣubú lọ́la. Máa lọ, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀rù á pa ọ́ lọ́dọ̀ mi."

Abẹfẹ́lẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí mo bá lọ, ṣé ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́ ni? Níbikíbi tí mo bá wà, á bà mí. Ilé ẹ ni mo ti fẹ́ kó máa bà mí."