Ibùsùn Kejìlá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ kíkà ni mò ń ṣe. Láràárọ̀ ni mo máa ń ka ibùsùn àwọn ìnàkí nínú igbó Bwindi, ọdún kejìlá mi nìyí. N kì í ṣì í kà. Ẹni tó bá ní mo ṣì í kà, kó wá gun òkè wa nínú ẹrọ̀fọ̀, kó wá bá mi kà á. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ, ohun tí mi ò mọ̀, mi ò ní í sọ ọ́.

Ìnàkí kì í sun ibùsùn kan lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, kálukú á ṣẹ́ ewé, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní róbótó, á sùn sínú ẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, á yàgbẹ́ sí etí ẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ. Èmi àti Ndyanabo, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, la máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, kí àwọn àlejò tó jẹun àárọ̀ tán. A ó ka ibùsùn, a ó wo ìgbẹ́ bóyá ara wọn dá, a ó pe ọ́fíìsì lórí wọkitọki, a ó sì tọ ipasẹ̀ wọn lọ síbi tí wọ́n wà, kí àwọn àlejò lè wá wò wọ́n. Ìdílé tiwa, ti Mùgúrúsì ni, akọ àgbà tí irun ẹ̀yìn ẹ̀ ti funfun. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń sùn. Ibùsùn mọ́kànlá. Kò lé, kò dín.

Bàbá mi, Bitarabeho, ló mú ìdílé yẹn mọ́ èèyàn. Ọdún méjì gbáko ló fi ń lọ jókòó nítòsí wọn, tó ń jẹ ewé bíi tiwọn, tó ń ha ọ̀nà ọ̀fun: "Hm̀m̀-hm̀m̀." Bá a ṣe ń kí wọn nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé, èmi ni o, mi ò bá ìjà wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àyà Bàbá ò dáa. Tó bá kí wọn tán, ikọ́ kékeré kan á tẹ̀ lé e. A máa ń fi ikọ́ yẹn ṣe Bàbá ní yẹ̀yẹ́. Mùgúrúsì nìkan ni kì í bá wa ṣe é. Tó bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn, á dojú bolẹ̀, á máa jẹun ẹ̀ lọ. Bàbá tún ní ìka kan tí kò sí mọ́, ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún. Wáyà pàkúté ló gé e níjọ́ tí Bàbá tú ọmọ ìnàkí kan sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ọmọ yẹn la wá ń pè ní Nyirakare. Òun náà ti bímọ.

Nígbà òjò ọdún kan, àlejò kan gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹ̀ sínú igbó. Bàbá ní ká máa lọ, àwọn á lọ mú un, àwọn ń bọ̀. Kùrukùru bo òkè. Bàbá ò jáde mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la fi wá wọn, àwa, sójà àti ajá. Ọ̀pá yẹn la rí, ó fara ti igi, ó dúró gbọnrangandan. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí bàtà.

Oṣù mẹ́wàá kọjá. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, àbúrò Bàbá, Rwakihembo, wá sílé wa.

"Ìyá Kebirungi, ó tó gẹ́ẹ́. Tó bá di Sátidé, a ó gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sin ín ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Bá a ṣe ń ṣe é fún ẹni tá ò rí òkú ẹ̀ náà nìyẹn."

Ìyá mi ò gbójú sókè. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà.

"Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, òun lẹ fẹ́ fi rọ́pò ọkọ mi?"

"Ẹni tó ti kú ni."

"Ta ló rí òkú ẹ̀? Ẹ má sin ọkọ mi láàyè fún mi o."

Rwakihembo pariwo pé Sátidé kò ní yẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n nínú, ariwo ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Ìyá pè mí sí yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni Ìyá máa ń sùn láti ìgbà ìyàwó, Bàbá a sùn sí apá ìta bẹ́ẹ̀dì. Fún oṣù mẹ́wàá, Ìyá ò tíì sún kúrò létí ògiri. Apá ìta wà ní títẹ́, ó ń dán.

"Kebirungi, ìwọ lò ń wọ inú igbó lójoojúmọ́. Bá mi bi bàbá ẹ. Bí wọ́n bá ti kú, kí wọ́n sọ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, kí wọ́n sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Bí wọn ò bá tíì kú, màá máa dè wọ́n."

"Ìyá, igbó kì í dáhùn."

"Ṣé igbó ni mo ní kó o bi?"

Wọ́n ká súwẹ́tà Bàbá, wọ́n tì í bọ inú báàgì mi.

Ní Mọ́ńdè, òjò ti dá. Òórùn ewé tútù gba gbogbo ibẹ̀. Mo ka ibùsùn. Méjìlá. Mo tún un kà láti ìsàlẹ̀. Méjìlá náà ni.

"Ndyanabo, wá bá mi kà á."

Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Nyirakare ti gbọ́njú nìyẹn! Ó ti kó kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ó ku ká lọ tọrọ ìyàwó fún un."

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí ọmọ ìnàkí bá tó ọdún mẹ́rin, á fúnra ẹ̀ tẹ́ ibùsùn. A pe ọ́fíìsì, inú ọ̀gá wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a bá wọn létí odò, orí ọmú ni ọmọ Nyirakare wà, ó rọ̀ mọ́ ìyá ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́. Ndyanabo họ orí.

Ní Túsìdeè, méjìlá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkejìlá yẹn ò ní ìgbẹ́ létí, kò ní irun. Ewé ọ̀mu ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, wọ́n ká etí ẹ̀ sínú bí ẹni ká etí ẹní. Lápá orí, wọ́n di ewé jọ kó lè ga. Bàbá mi ò lè sùn láìgbé orí sókè, nítorí àyà wọn. Mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀.

Ó gbóná.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Mùgúrúsì gan-an ló wà. Kò sí akọ tó jẹ́ dán an wò níbẹ̀.

Ndyanabo gbé wọkitọki dání, kò tẹ̀ ẹ́. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé mọ́kànlá."

"Irọ́ nìyẹn, Kebirungi."

"Ìnàkí mélòó ló sùn síbí?"

Ó wo ibùsùn náà títí. Ó wò mí. "Mọ́kànlá," ló sọ sínú ẹ̀rọ.

Ní Wẹ́sìdeè, àwọn àlejò mẹ́fà gòkè. Ìyá òyìnbó kan wà nínú wọn, àgbàlagbà, orúnkún ń dùn ún. Nígbà tá a ń sọ̀kalẹ̀, a dúró mu omi. Ó na ọwọ́ ẹ̀ sí mi.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn."

"Bàbá wo, Mà?"

"Èyí tó fà mí gòkè níbi tó ń yọ̀ yẹn. Wọ́n ń wúkọ́, ẹ fún wọn ní aṣọ. Ìka wọn kan ò sí, àmọ́ wọ́n dì mí mú dáadáa. Ọwọ́ wọn gbóná. Kí n tó yíjú padà, mi ò rí wọn mọ́."

Ẹni tó ṣamọ̀nà wọn sọ pé òyì òkè ló ń kọ́ ìyá yẹn, ó fún un ní omi ṣúgà. Ẹ̀rù ò ba ìyá yẹn rárá. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò ráyè dúpẹ́. Èmi ni mo jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ní Tọ́sìdeè, mo lọ bi Bàbá.

Ndyanabo ní òun á dúró lẹ́yìn. Òun tó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́! Mo sún mọ́ Mùgúrúsì títí ó fi ku ìṣísẹ̀ méje, bí òfin ṣe wí, mo jókòó. Súwẹ́tà wà nínú báàgì. Ọwọ́ ń yún mi láti yọ ọ́, mi ò yọ ọ́. Ohunkóhun tó bá kan ara èèyàn ò gbọdọ̀ kan tiwọn. Ọ̀fìnkìn wa kan ṣoṣo lè pa odidi ìdílé. Bàbá ló kọ́ mi, wọ́n tún fà mí létí lé e.

"Hm̀m̀-hm̀m̀," mo kí wọn.

Mùgúrúsì dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn ẹ̀, láàárín igbó tó dí, ẹlòmíì tún dáhùn. "Hm̀m̀-hm̀m̀." Lẹ́yìn náà, ikọ́ kékeré kan.

Ẹyẹ dákẹ́. Eṣinṣin pàápàá dákẹ́. Mùgúrúsì dojú bolẹ̀, ó ń jẹun ẹ̀ lọ.

Yéè, Bàbá mi. Mo fẹ́ sáré wọ inú igbó lọ dì mọ́ wọn. Mi ò dìde.

"Bàbá," mo wí wúyẹ́wúyẹ́. "Sátidé ni wọ́n fẹ́ sin yín. Ìyá ní kí n bi yín. Ṣé ẹ ti kú ni, àbí kí wọ́n máa dè yín?"

Omi ń kán lára ewé. Mo wá gbọ́ tí ewé ń ṣẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Mo mọ ìró ewé tí wọ́n ń jẹ, kì í ṣe èyí. Ibùsùn ni wọ́n ń tẹ́, lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn de àlejò. Mo dìde. Mùgúrúsì náà dìde, ó wá jókòó sójú ọ̀nà, ó kọjú sí mi. Kò bínú. Kò lu àyà. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ni, títí mo fi padà.

Ní Fúráídè, ibùsùn méjìlá.

Ṣùgbọ́n ìkejìlá ti fẹ̀. Ó tó ẹni méjì. Ìrọ̀rí méjì ni wọ́n di síbẹ̀, ọ̀kan ga, ọ̀kan ò ga. Apá ìta gbóná. Apá kejì, èyí tó fara ti ìdí igi bí ẹni fara ti ògiri, ó tutù. Kò sí ẹni tó sun ibẹ̀. Ewé ẹ̀ ò tilẹ̀ wó.

"Ta ni wọ́n ń retí?" Ndyanabo bi mí.

Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ojú ọ̀nà ni mo ti bá Ìyá nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, bí ẹni tó fẹ́ gba lẹ́tà.

"Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ bá mi dá a rò. Tí mo bá ní wọ́n ti kú, mo purọ́. Tí mo bá ní wọn ò kú, mo purọ́. Tí mo bá sọ ohun tí mo rí, mo mọ ìyá tó bí mi. Ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó wọ inú igbó yẹn lọ. Mo ti pàdánù ọ̀kan. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi yọ̀ǹda èkejì.

"Wọn ò wí nǹkan kan, Ìyá."

"Ibùsùn mélòó lo kà?"

"Mọ́kànlá."

Wọ́n wò mí lójú. Èmi tí n kì í ṣì í kà.

"Mọ́kànlá," wọ́n wí. "Ó dáa. Kí wọ́n sin ín."

A sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Sátidé. Rwakihembo sunkún títí ohùn ẹ̀ fi há. Ìyá ò sunkún. Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ padà sí kòtò, Ìyá na ọwọ́ sí mi, wọ́n gba súwẹ́tà Bàbá. Gbogbo wa rò pé wọ́n fẹ́ jù ú sínú kòtò. Wọ́n gbé e wọ̀.

Ọdún kẹta nìyí. Ọmọ ń gbọ́njú, àgbà ń kú, mọ́kànlá náà ni ibùsùn àwọn ìnàkí ṣì jẹ́. Méjìlá là ń kà láràárọ̀, mọ́kànlá là ń sọ fún ọ́fíìsì. Ibi yòówù kí Mùgúrúsì sùn, ibùsùn gbàràgàdà yẹn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, apá kan gbóná, apá kan tutù. Ìyá ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Tí òtútù bá mú, wọ́n á kàn ní, "Ṣé ó tutù lókè?" Mo máa ń ní kò tutù jù.

Lóṣù tó kọjá, mo ń so okùn bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi.

"Kebirungi, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n fi sílẹ̀?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ndyanabo ti búra fún mi, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó lọ sí igbó, mo máa ń kọ́kọ́ yà sí yàrá Ìyá. Màá ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá á ṣe bí ẹni tó ń sùn, èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Tí mo bá rí i pé ó gbóná, ìgbà náà ni màá tó gbé báàgì mi, màá lọ ka tòkè.