Ọkùnrin Rọ́bà Inú Pálọ̀

Ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹlé nílé, torí pé ó máa ń rìn jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Ẹyẹlé gbé àpò gígùn kan wọlé. Ó tú u ní pálọ̀.

Ọkùnrin rọ́bà kan ló wà nínú rẹ̀. Kò lẹ́sẹ̀. Kò lápá. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Àyà Ẹyẹlé já. Fìrí! Ó ti wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Ìyá rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó máa ń fi áńbúláǹsì sáré lọ gbé aláìsàn. Ọ̀gá wọn ló yá a ní ọkùnrin rọ́bà náà, kó lè máa fi dánra wò.

Ìyá kúnlẹ̀. Ó gbá a léjìká pẹ́pẹ́.

"Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ọkùnrin rọ́bà ò fọhùn.

Ìyá gbé ọwọ́ lé ọwọ́. Ó ń tẹ àyà rẹ̀. Kì! Kì! Kì!

Omi lé ròrò sójú Ẹyẹlé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń dùn ún."

Ìyá dúró. Ó pè é wá jókòó. Ó ní rọ́bà kì í mọ ìrora. Ó ní inú àyà gbogbo wa ni ọkàn wà, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

"Nígbà míì, ọkàn èèyàn á dákẹ́. Ọwọ́ mi lá máa bá a ṣiṣẹ́, títí a ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà."

"Tó bá wá rẹ̀ yín ńkọ́?"

Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó ní ó rẹ òun lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́. Ọwọ́ òun falẹ̀. Wọ́n ní kí òun padà wá tún un ṣe.

Ẹyẹlé rọra fọwọ́ kan èjìká ọkùnrin rọ́bà. Ó tutù. Kò ṣe é ní nǹkan kan.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ló wí.

Ó jókòó síbi orí rẹ̀. Ó ń pàtẹ́wọ́. Pà! Pà! Pà! Ìyá ń tẹ̀ ẹ́.

Bí ọwọ́ ìyá bá fẹ́ falẹ̀, Ẹyẹlé á pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. PÀ! PÀ! PÀ! Ọwọ́ ìyá á tún yá.

Òógùn ń kán. Tó, tó, tó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, títí ọjọ́ ìdánwò kejì fi pé.

Ìyá lọ. Ìyá dé. Ó gbé Ẹyẹlé mọ́ra.

"Mo yege. Àtẹ́wọ́ rẹ ni mò ń gbọ́ létí."

Ọkùnrin rọ́bà padà sílé ẹ̀kọ́. Ẹyẹlé ló bá ìyá rẹ̀ fa síìpù àpò náà. Ó rọra fà á.

Kò pẹ́, ìyá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó gbàà sórí àga. Ó ní ọkàn bàbá kan dákẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní àwọn tẹ̀ ẹ́, àwọn ò sinmi.

"Ṣé ó jí?"

"Ó jí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

Ẹyẹlé sáré lọ bu omi wá fún ìyá rẹ̀. Kó tó dé, ìyá ti sùn lọ.

Ó gbé ife kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ tó wúwo lẹ́sẹ̀ ìyá, ọ̀kan, èkejì. Ó sì jókòó tì í.